Òjìji Ilé Tí Wọn Ò Tíì Kọ́ Tán

Láti kékeré ní Apòmù ni Humairah ti máa ń fẹ́ mọ ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí. Kí ló dé tí yàrá ìyá òun fi máa ń gbóná lọ́sàn-án, tí ti bàbá òun sì tutù? Àwọn ará ilé a ní kó lọ ṣeré. Nígbà tó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ iná lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ló gbà bọ́ sídìí sólà. Bó ṣe ń wọ ṣòkòtò sábẹ́ híjáàbù gun òrùlé kọ́kọ́ ya àwọn èèyàn lẹ́nu, àmọ́ ojú wọn ti mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Kòfowórọlá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkirè, ránṣẹ́ pè é. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ti sú wọn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ilé wọn á gba sólà.

Humairah kúnlẹ̀ kí wọn. "Ẹ jẹ́ kí n wo ilé ná, mà, kí n tó sọ ohunkóhun."

"Wò ó dáadáa, ọmọ mi. Èmi náà á máa wò ọ́."

Màmá gbé àga síta lóòótọ́. Humairah wọ inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ń fi òòlù kan igi òrùlé, ó ń tẹ́tí sí bó ṣe ń dún. Ikán ò débẹ̀. Ó bọ́ sórí páànù, kò rí igi kankan tó ṣíji bò ó.

"Kí lo rí?" Màmá bi í láti ìsàlẹ̀.

"Ó dára, mà." Síbẹ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Lápá ìwọ̀-oòrùn, lẹ́yìn ọgbà gan-an, ó rí ìpìlẹ̀ ilé kan tí irin ńláńlá yọ lórí àwọn òpó rẹ̀. Ilé ilẹ̀ lásán kì í gba irú irin bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó bi màmá pé ta ló ń kọ́lé níbẹ̀.

"Alhaji Rùfáì ni. Kí ló kan sólà níbẹ̀?"

"Mi ò tíì mọ̀, mà. Ẹ jẹ́ ká lọ bi wọ́n."

Wọ́n bá Alhaji lọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méjì ni Alhaji ní àwọn ń kọ́. Humairah mú igi, ó ya ilé méjèèjì sórí yẹ̀pẹ̀. "Bí ilé yín bá parí, Alhaji, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni òjìji rẹ̀ á máa bo òrùlé màmá."

Àwọn bíríkìlà pàápàá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wo ilẹ̀.

"Kò ṣeé ṣe mọ́ nìyẹn?" Màmá bi í, ohùn wọn lọ sílẹ̀.

Humairah padà lọ wo ilé ìdáná màmá, tó dá dúró ní ìpẹ̀kun ọgbà lọ́hùn-ún. Oòrùn pọ̀ níbẹ̀, òjìji pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ò sì ní tètè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe kan igi rẹ̀, eruku ikán dà sí i lójú.

"Ibí ló yẹ kó wà, mà, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pe káfíńtà."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ibi tó le kò dáa, ibi tó dáa kò le."

Wọ́n pààrọ̀ igi ilé ìdáná, Humairah sì wá to sólà sórí rẹ̀. Nígbà tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Alhaji ga tán, màmá pe Humairah lórí fóònù pé òjìji ti gun òrùlé pálọ̀. Kò sí ohun tó bà jẹ́ tó yẹ kó wá tún ṣe, síbẹ̀ ó gun ọ̀kadà wá láti Apòmù. Màmá ti gbé àga kejì síta dè é, àwọn méjèèjì sì jókòó, wọ́n ń wo ibi tí òjìji náà máa dúró sí.