Ìbéèrè tí Mo Bi Àna Mi ní Ilé Aṣòfin

Aago tí wọ́n máa ń tẹ̀ fún aṣòfin tí àkókò rẹ̀ bá ti tán ní Lomé kì í pariwo. Ó kàn ń dún wẹ́rẹ́ ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ṣíbí kan etí ife. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kan báyìí, ohùn kékeré yẹn dé Atakpamé, ó dé Moretan, ó wọ gbogbo ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ rédíò ní agbègbè wa, nítorí pé èmi ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún, mi ò sì tíì béèrè ohun tí àwọn ènìyàn mi rán mi.

Aṣòfin ni mí nígbà náà, depite bí a ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wa. Kí n tó débẹ̀, olùkọ́ ni mí ní Atakpamé. Mo gbọ́ Faransé dáadáa, mo sì gbà pé ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ sọ lè dúró níwájú ẹnikẹ́ni. Ìyàwó mi, tí a sin nígbà tí òjò ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, máa ń rẹ́rìn-ín sí èrò yẹn. Olùkọ́ ni òun náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́. Ó ní ẹni tó bá ń kọ́ ọmọdé yóò tètè mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí a sọ̀rọ̀ dáadáa, ọ̀tọ̀ ni kí ọ̀rọ̀ dé ibi tí à ń rán an.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde ní ilé aṣòfin kò ṣòroó yé. Ìjọba pinnu láti kó àwọn agbẹ̀bí kúrò ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké inú ìlú oko, kí wọ́n kó wọn jọ sí àwọn ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ní ibẹ̀ ni iná mànàmáná wà, ibẹ̀ ni dókítà wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí obìnrin ti máa bímọ. Ẹni tó bá jókòó sí Lomé yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ní ìlú kékeré tí wọ́n ti bí ìyàwó mi, lójú ọ̀nà tó lọ sí ìhà Moretan, ọjọ́ ọjà nìkan ni ọkọ̀ akérò ń kọjá. Iṣu àti àgbàdo ni ọkọ̀ ń wá kó, ènìyàn á sì bá iṣu wọlé. Láwọn ọjọ́ yòókù, alùpùpù ni, bó bá wà. Bí òjò bá sì ti rọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbé alùpùpù rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yẹn. Agbẹ̀bí ìlú náà ti di ẹrù rẹ̀ lọ. Wọ́n ti ti yàrá ìgbẹ̀bí pa. Àbúrò ìyàwó mi obìnrin, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń dáko níbẹ̀, sì wà nínú oyún.

Ohun tó wá dí mi lọ́wọ́ ni pé mínísítà tí ọ̀rọ̀ náà wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Nígbà tí bàbá wọn kú, òun ló rán ìyàwó mi nílé ìwé. Òun ló dúró bíi bàbá lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ rẹ̀, ilẹ̀ pálọ̀ rẹ̀ ni mo sì dọ̀bálẹ̀ sí títí eruku fi gba àyà ẹ̀wù mi. Lọ́dọ̀ wa, àna kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. A kì í dúró níwájú àwùjọ kí á máa bi àna ní ìbéèrè. Bí ọ̀rọ̀ bá wà láàárín àwa àti rẹ̀, a ó wá àgbàlagbà kan tí yóò bá wa gbé e lọ, àwa ó sì wà nílé, a ó máa retí èsì. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ mi gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi ìbéèrè náà sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Mo kọ̀. Mo sọ fún wọn pé mo mọ bí mo ṣe máa ṣe é, pé n ó béèrè, n ó sì tún jẹ́ àna rere. Mo dá ara mi lójú púpọ̀ nígbà náà.

Nígbà tí ó kàn mí, mo dìde. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń fún ènìyàn fún ìbéèrè. Mo rò ó pé kí n kọ́kọ́ kí i bó ṣe tọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo rí àna mi fín. Mo kí i kú ìjókòó. Mo kí i kú iṣẹ́ ìlú. Mo kí i kú ìrìn-àjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé, mo kí i kú ooru, mo kí ìyá wọn tó ń ṣàìsàn, mo kí àwọn ará ilé. Faransé ni a sì ń sọ níbẹ̀. Èdè yẹn kò ní ‘ẹ kú’ fún oríṣiríṣi nǹkan bí tiwa, nítorí náà ìkíni kọ̀ọ̀kan di gbólóhùn gígùn lẹ́nu mi, mo sì ń fi àwọn ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Bí mo ṣe ń kí i ni mínísítà ń tẹ orí ba, nítorí pé òun náà kò lè ṣe kí ó má dá àna rẹ̀ lóhùn. Àwọn tó mọ̀ wá ti ń fi ìwé bo ẹnu. Mo wá ní, “Ní ti àwọn agbẹ̀bí,” aago sì dún. Olórí ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ọ̀wọ̀ tí mo ní. Mínísítà, tí ẹnikẹ́ni kò bi ní nǹkankan, dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ilé, ó sì jókòó.

Nígbà tí mo máa fi dé Atakpamé, wọ́n ti ń dúró dè mí. Alhaja kan wà tó ń ta aṣọ lọ́jà, ọmọ Yorùbá tó ti Nàìjíríà wá pẹ́ sẹ́yìn. Ó rí mi lókèèrè, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Ẹ kú ìkíni o, Depite,” ló wí. “Ṣé ẹ ti kí wọn dé orí ewúrẹ́ ilé, àbí wọ́n ṣì máa padà fún yín láyè?”

Gbogbo ìsọ̀ tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Mo pe ọlọ́kadà kan pé kó gbé mi délé, mo bi í pé èló, ó ní kí n kọ́kọ́ kí òun ná. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sí ohun tí mo tún lè ṣe.

Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé oúnjẹ fún mi, ó jẹ́ kí n jẹun tán, ó wá bèèrè pé, “Ìbéèrè náà ńkọ́?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un nípa ọ̀wọ̀, nípa ohun tí àwọn àgbà sọ nípa àna. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi lẹ lọ kí ni, àbí mínísítà lẹ lọ bi léèrè? Ẹ jẹ́ ká lọ kí ẹ̀gbọ́n mi nílé rẹ̀, ká kí i tán pátá. Bí ẹ bá wá padà dé ilé aṣòfin, mínísítà nìkan lẹ máa bá níbẹ̀.”

Mo ti kàwé púpọ̀ nípa bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́, èmi náà sì ti kọ́ àwọn ẹlòmíì. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ tó mọ́ kedere bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a wọ ọkọ̀ lọ sí Lomé, a di iṣu, a sì mú ẹyẹ ẹtù méjì lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo kí i, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo kí ìyá wọn dé yàrá. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àna mi, ti ilé aṣòfin kò tíì tó?” Ìyàwó mi ló dá a lóhùn. Ó ní ti òní ló kẹ́yìn, pé ọkọ òun tún máa dìde bi í léèrè nípa àwọn agbẹ̀bí, kò sì ní kí i.

Ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ balẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó sọ fún wa pé òun ti bẹ irú yàrá bẹ́ẹ̀ wò, níbi tí wọ́n ti ń fi àtùpà gbẹ̀bí, pé ẹni tó bá ti rí i kò ní fẹ́ kí arábìnrin òun bímọ síbẹ̀. Ó wá fi kún un pé bó bá jẹ́ nítorí àbúrò wọn ni, kí a má ṣèyọnu, òun á rán ọkọ̀ lọ gbé e kí àkókò rẹ̀ tó tó.

Ìyàwó mi wò ó. Ohùn tí ó fi sọ̀rọ̀ kò ga rárá. “Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ mélòó lẹ ní?”

Ìyàwó mínísítà bu omi fún wa. Lẹ́yìn náà, a sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ àti nípa ìlera ìyá wọn. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi sìn wá dé ẹnu ọ̀nà ni ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, “Bó o bá máa bi mí, bi mí dáadáa. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé àna mi ń bò mí láṣìírí.”

Ní ìjókòó tó tẹ̀ lé e, olórí ilé nìkan ni mo kí. Mo béèrè pé ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí ni yóò gbé obìnrin tó ń rọbí láti ìlú oko dé ilé ìwòsàn ńlá. Mo jókòó. Mínísítà dìde, ó sọ ti iná, ó sọ ti dókítà, ó sọ ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Mo tún dìde, nítorí pé òfin ilé gbà wá láyè láti fèsì.

Mo ní, “Mínísítà, ẹ ti sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún wa. Bí ó ṣe máa débẹ̀ ni mo bèèrè.”

Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀. Ọmọ agbègbè wa ni. Ó mọ ọ̀nà yẹn jù mí lọ. Ó ní, “Kò sí ohun tí yóò gbé e.” Ó wá sọ pé níbi tí ọkọ̀ kì í bá kọjá lójoojúmọ́, agbẹ̀bí yóò padà síbẹ̀, wọn yóò sì wá iná fún un. Àkókò mi ṣì kù. Mi ò lò ó.

Ṣíṣe rẹ̀ kò yá bí sísọ rẹ̀. Àwọn aṣòfin láti apá ibòmíràn dìde pẹ̀lú ìbéèrè tiwọn, a sì fà á títí. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìyàwó mi lọ mú àbúrò rẹ̀ wá sílé wa ní Atakpamé, àwọn aboyún ìlú wọn kan sì bá a wá. Pálọ̀ wa kún fún ẹní. Àbúrò rẹ̀ bímọ ní ilé ìwòsàn ńlá, ó bí i láyọ̀, ó sì ń bú mínísítà pẹ̀lú ẹ̀rín pé bó ṣe fẹ́ ẹ náà nìyẹn. Nígbà tó yá, agbẹ̀bí padà, wọ́n sì gbé iná tó ń lo oòrùn sórí òrùlé. Kì í ṣe gbogbo yàrá tí wọ́n tì pa ni wọ́n ṣí. Tiwa ṣí, àti ọ̀pọ̀ tó dà bí tiwa.

Nísinsìnyí, àwọn aṣòfin tuntun máa ń wá kí mi. Wọ́n ń béèrè bí ènìyàn ṣe ń ṣe é tí mínísítà kì í fi í rí ọ̀nà sá. Abèèrè kì í ṣìnà, mo sì máa ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú ìdánilójú, nítorí pé mo mọ iṣẹ́ náà. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò bi wọ́n ní ìbéèrè náà nílé. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Bí wọ́n bá lọ tán, mo máa ń palẹ̀ ife mọ́ fúnra mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyàwó mi, ó yẹ kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀. Mo gun alùpùpù lọ, nítorí pé ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Obìnrin kan jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò níwájú ilé ìwòsàn, ó gbé ọmọ tuntun lẹ́sẹ̀. Agbẹ̀bí ń sá aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo kí ìyá ọmọ kú ewu, mo bi í ní orúkọ ọmọ, ó ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò tíì pé. Ó ní kí n jókòó sinmi díẹ̀, kò sì mọ̀ mí rí. Mo jókòó. Títí tí mo fi dìde, ọkọ̀ kankan kò kọjá lójú ọ̀nà náà.