Àpótí Ẹgbẹ́ Àwa Ọmọbìnrin Ìkàrẹ́

Àwa ọmọbìnrin mẹ́rìnlá la kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́ tí ìyàwó tíṣà dá sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Ìkàrẹ́. Ó kọ́ wa ní orin, ó kọ́ wa ní aṣọ rírán, ó sì kọ́ wa bí a ṣe ń kọ orúkọ ara wa. Ọwọ́ wa la fi rán àsíá ẹgbẹ́, aṣọ funfun tí a fi òwú aláró ṣe létí. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ó kó àsíá náà, ìwé orúkọ wa àti fọ́tò kan ṣoṣo tí a yà sínú àpótí onípákó, ó sì gbé e fún àgbà ìjọ kan.

"Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, bàbá. Àwọn ọmọ wọn á fẹ́ rí i lọ́jọ́ kan."

Bàbá ní kó fọkàn balẹ̀.

Mo lọ́kọ sí Ọ̀kà, mo bímọ méjì, làwọn obìnrin ìjọ wa níbẹ̀ bá ní kí n dá irú ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ fáwọn ọmọ wọn. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìkàrẹ́ láti lọ gba àpótí wá.

Mo bá bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pọ́n aáṣáà sínú ìwé. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ ohun tí mo bá wá.

"Àpótí wo? Àá, èyí tádìẹ ń yé sí yẹn!"

Ó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Adìẹ kan sàba lórí àsíá wa, ìgbẹ́ ti gan mọ́ ọn gbagidi. Ìgbẹ́ yẹn náà ló ti jẹ ojú gbogbo wa kúrò nínú fọ́tò. Bí mo ṣe fa àsíá náà yọ, iná ara adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọwọ́ mi.

"Bàbá, ìwé orúkọ wa ńkọ́?"

Ó na aáṣáà tó pọ́n sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Òun rèé. Ìwé náà dáa, kì í jẹ́ kó tutù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nílé ọkọ, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ó sín, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu imú, ó sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹn kan náà gbá mi léjìká. Mo fà sẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹyin sísè wá kí n fi panu. Mo mọ ibi tó ti kó o. Mo ní mo ti yó.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi ọṣẹ fọ àsíá náà lódò, àbàwọ́n rẹ̀ kò lọ. Mo wá ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ wà lẹ́gbẹ́ náà lọ sí Àrígìdì, àwa méjèèjì jókòó, a rántí orúkọ méjìlá, mo kọ wọ́n sínú ìwé tuntun. A wá méjì tó kù títí, a ò rí wọn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo lọ síbi ìdúpẹ́ ìjọ Ìkàrẹ́, wọ́n pe bàbá náà síwájú, wọ́n ní òun ló tọ́jú ìtàn ẹgbẹ́ ọmọbìnrin. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo dìde láàárín wọn, mo jáde síta.