Ẹ̀ẹ̀kan Ni Wọ́n Ń Pe Àlejò sí Ọbẹ̀ Èsìsì

Bí ẹ bá ṣí fírísà mi ní Crumpsall, ní Manchester níbí, lónìí, ẹ ó rí èsìsì níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, èsìsì tó ń jóni lára, tí a máa ń yà fún lọ́nà oko nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo bọ̀ ọ́, mo fún omi rẹ̀ dànù, mo rọ ọ́ sínú ike áíìsìkiríìmù, mo sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣàkì. Bí arábìnrin kan bá wá kí mi láti ṣọ́ọ̀ṣì, tó ṣí fírísà mi láìtọrọ ààyè gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, tó sì bi mí pé ẹ̀fọ́ wo nìyí, màá ní ẹ̀fọ́ òyìnbó ni. N ò purọ́. Ohun tí n kì í sọ ni pé ẹ̀bá ojú irin tíráàmù ni mo ti já a fúnra mi, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń fọ abọ́.

Ọmọ mi ló fa gbogbo rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni, Manchester ni mo bí i sí, bàbá rẹ̀ sì ti kú. Lọ́jọ́ kan ó wá sọ fún mi pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Ó ní ọmọ Sweden ni, Rochdale ló ń gbé, ó sì mọ oúnjẹ sè. Mo ní irú oúnjẹ wo? Ó ní oúnjẹ ilẹ̀ wọn, àti pé ohun tó bá wà lásìkò nìkan ló máa ń sè. Mo ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo rò ó bọ̀. Nílé wa, bí àgbàdo bá dé, àgbàdo là ń jẹ. Bí iṣu tuntun bá jáde, a ó jẹ iṣu tuntun títí yóò fi sú wa. Kò sẹ́ni tó pè é lọ́gbọ́n, àìsí òmíràn ni. Ṣùgbọ́n bí òyìnbó bá ṣe é, wọ́n á kọ ìwé lé e lórí, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á sì gbé e sínú àwo ràgàjì kan tí oúnjẹ inú rẹ̀ kò tó òkèlè méjì.

Níwọ̀n bí bàbá ọmọ kò ti sí mọ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Abẹ́òkúta ló lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí ìgbéyàwó náà. Mo pè é lórí fóònù. Mo ti múra sílẹ̀ pé yóò bèèrè nípa àwọ̀ ọkùnrin náà, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ. Kò bèèrè ọ̀kankan nínú wọn.

Ó ní, "Lọ jẹun nílé ẹ̀, àbúrò mi. Ẹni tí ò bá lè bọ́ ìyá ìyàwó yó, ebi ló máa fi pa ọmọ wa nílẹ̀ onílẹ̀. Ohun tó o bá rí níbẹ̀ ni kó o wá sọ fún mi. Ibi tó o bá fì sí ni mo máa fì sí."

Bí ìgbéyàwó ọmọ mi ṣe bọ́ sínú ikùn mi nìyẹn.

Ìgbà ìrúwé ni mo kọ́kọ́ lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ń gbààwẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ìrọ̀lẹ́ la sì ń ṣínu. Mo fọgbọ́n ṣe é. Mo ní bí mo bá wọ tíráàmù lọ sí Rochdale láìṣínu, ebi á ti fẹjú nínú mi kí n tó débẹ̀, màá sì mọ̀ dájú bóyá ọkùnrin yìí lè bọ́ èèyàn. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ga bí òpó iná. Ọmọ mi tí kò tíì dé láti ibi iṣẹ́ ti kọ́ ọ bí a ṣe ń kí àna, ló bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà tán, àfi kí n dúró sójú òjò títí ó fi dìde. Inú mi dùn sí i gan-an.

Ọbẹ̀ èsìsì ló sè. Oko ló ti já a láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó lọ̀ ọ́ kúnná, ó fi bọ́tà àti mílíìkì sí i, ó wá gbé ìdajì ẹyin bíbọ̀ lé e láàárín. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọn kì í fún ọmọ lẹ́yin kó má baà di olè. Ọkùnrin yìí wá la ẹyin sí méjì bí ẹni tí kò tíì pinnu ibi tó máa fi ọ̀rọ̀ náà sí. Búrẹ́dì dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó wúwo bí bíríkì. Ṣùgbọ́n òórùn ọbẹ̀ náà dùn, ó ń ta sánsán, itọ́ sì kún ẹnu mi. Ó bi mí bóyá màá jẹun.

Nílé wa, ẹni tí wọ́n bá kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé kì í tètè gba oúnjẹ. Wọ́n á ní wá jẹun, wàá ní o ṣeun, o ti yó. Wọ́n á ní kó o kàn tọ́ ọ wò, wàá ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Onílé á wá fajú ro díẹ̀, á ní àbí májèlé lòun fi sè é ni. Ìgbà yẹn ni wàá mí kanlẹ̀, wàá fọwọ́, wàá sì jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Gbogbo ayé ló mọ èyí, àfi Sweden.

Mo ní rárá, mo dúpẹ́, mo ti jẹun. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò burú, ó sì dá abọ́ mi padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹnu yà mí. Mo jókòó, mo ń wo kọ́bọ́ọ̀dù náà, mo ń retí ìpè kejì. Kò dé. Ọmọ mi wọlé, ó bèèrè bóyá mo ti jẹun, ọkùnrin náà ní mo ti jẹun kí n tó wá. Ọmọ mi wojú mi, ó ní ṣebí ààwẹ̀ ni mò ń gbà. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ní mo ti ṣínu nínú tíráàmù. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹun lójú mi, wọ́n fi búrẹ́dì nu abọ́, wọ́n sì fún mi ní omi tútù tí wọ́n gé òroǹbó wẹ́wẹ́ sí. Mo mu ún tán, mo jẹ òroǹbó náà pẹ̀lú èèpo rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo po gàárì, mo sì fi ìbínú jẹ ẹ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ọkùnrin náà kò fún mi lóúnjẹ. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun ò rí ohun tí òun máa fọwọ́ sí. Mo sọ fún àwọn arábìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan ní òun ti mọ̀ látìgbà tí mo ti dárúkọ Sweden, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí mo dárúkọ rẹ̀ fún un, ó ní ṣé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Canada ni.

Nígbà tí ọmọ mi gbọ́, ó wá bá mi pẹ̀lú omijé lójú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ sọ fún un pé ẹ ti yó. He believed you. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọn kì í pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, it's rude. Wọ́n á rò pé ẹ máa sọ pé àwọn ń fipá mú yín. Ẹ̀yin lẹ purọ́, òun lẹ wá ń fìyà jẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Èsìsì kì í jó ni lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ní sùúrù, mo sì padà sí Rochdale. Kí ọkùnrin náà tó parí ìbéèrè rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mo ti jókòó sídìí tábìlì. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó mú mi lọ já èsìsì. Ó jó mi lọ́rùn ọwọ́, ọkùnrin náà wá ewé kan, ó rọra fi pa á fún mi bí ẹni pé ọmọ tuntun ni mí, ó ń tọrọ àforíjì lórúkọ igbó.

Báyìí ni mo ṣe jẹ ọdún náà já pẹ̀lú wọn. Nígbà ooru, ó se pòtétò kéékèèké tí kò bó èèpo wọn, ó da ewé kan lé e tó rí bí irun orí arúgbó, ó sì gbé ṣawa tútù tì í. Ṣawa náà kò rí iná rí láyé rẹ̀, inú fínígà àti ṣúgà ló ti jáde wá. Mo gbàdúrà lé e gùn ju bí mo ṣe máa ń ṣe lọ. Nígbà ìwọ́wé, ó tu olú nínú igbó, ó fi bọ́tà dín in, ó sì ṣu ẹran lílọ̀ roboto bí àkàrà, ó wá fi jáàmù sí i. Mo ní jáàmù, lórí ẹran. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì bèèrè òmíràn. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, ó yan búrẹ́dì dídùn kan tó ní èso olóòórùn nínú, mo sì wá irú èso náà lọ sí ọjà Ashton títí mo fi rí i, torí kó má di pé n ó máa tọrọ. Èmi náà ń fi tèmi kún un. Mo máa ń gbé ata rodo sínú báàgì mi lọ sí Rochdale, bí ọkùnrin náà bá sì kẹ̀yìn, màá jù ú sínú ìkòkò. Ó ní ọbẹ̀ èsìsì òun ti ń dùn sí i, òun ò mọ ìdí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo ròyìn ṣawa fún un, mo ròyìn olú, mo ní ọkùnrin náà mọ oúnjẹ sè dé góńgó. Ó ní òun ò bi mí léèrè ìyẹn mọ́. Ó ní, "Àwọn ilé oúnjẹ pàápàá mọ̀ ọ́n sè. Ṣé òun mọ èèyàn, ṣé ó mọ bí a ṣe ń ṣe?" Ọmọ mi ò bèèrè lọ́wọ́ mi mọ́, ó kàn ń wojú mi nígbàkúùgbà tí mo bá ti ń fi fóònù sílẹ̀, ìyẹn sì ń bà mí nínú jẹ́.

Nígbà tí Kérésìmesì ń sún mọ́lé, mo pè wọ́n wá sí Crumpsall. Mo gbé èsìsì jáde nínú fírísà, mo fi ata, edé àti panla rò ó bí ẹ̀fọ́, mo gún iyán. Ọmọ mi gòkè lọ pààrọ̀ aṣọ. Mo ro bí n ó ṣe ṣe é, kí n má tún ṣi í ṣe. Mo ní àṣà wọn ni n ó bọ̀wọ̀ fún lónìí: n ó pè é lẹ́ẹ̀kan, n ó sì gba ohun tó bá sọ. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mo ní ṣé yóò jẹun.

Ó tẹrí ba. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, ó ní, "Rárá mà, ẹ ṣeun. Mo ti yó."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà. Mo dé ìkòkò, mo gbé e padà sí kíṣìnì. A jókòó, a ń sọ̀rọ̀ nípa òjò. Ọkùnrin náà ń wo ẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Ikùn rẹ̀ kùn, ó sì wúkọ́ lé e. Mo fún un lómi, ó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀, ó ní oúnjẹ dà? Mo ní ọkọ rẹ̀ ti yó. Ó yíjú sí i, ó bi í léèrè ibi tó ti jẹun.

Etí ọkùnrin náà pọ́n. Ó ní òun ò fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀, òun ń fi àyè sílẹ̀ fún oúnjẹ ìyá ni. Ó ní ọmọ mi ló kọ́ òun pé ọmọ tó bá ní ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní òun ò jẹ. Ó wá rọra bèèrè pé, "Ìgbà mélòó ló yẹ kí wọ́n bi mí? Mò ń retí ẹ̀ẹ̀kejì."

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ mi lójú. Mo gbé fóònù, mo pe Abẹ́òkúta. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin yìí purọ́ fún mi."

Ó ní, "Irọ́ kí ni?"

Mo ní, "Ebi ń pa á kú lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó wá jẹun, ó ní òun ti yó."

Ọmọ mi ti di apá mi mú. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní, "Kí lo wá ń dúró ṣe? Gbé oúnjẹ fún ọkọ ọmọ wa."

Mo sáré gbé ìkòkò náà padà. N ò bi í mọ́, mo kàn bù ú fún un.