Ìgè Pín Ẹ̀jẹ̀ Bí Ẹni Pín Ẹran

Ẹni tí kò bá mọ Ìgè ní Changli, àlejò ni. Ẹsẹ̀ ló fi wá sáyé, ẹsẹ̀ náà ló sì fi ń sáré kiri Tamale ní Gánà láti ìgbà náà. Bàbá-bàbá rẹ̀ ló ti Ìlọrin wá ta abẹ́rẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ-ọmọ ní tirẹ̀ kò ta nǹkan kan, iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ yìí débi pé bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nídìí oúnjẹ, kálukú á gbé àwo rẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀.

Ní àárọ̀ Àlàrùbá kan, orin ló ń kọ wọ ibi iṣẹ́. Nínú fìríìjì wọn ni ìgò kan wà tí kò tó ọmọńdinrín ọwọ́, dúdú bí ìgò òògùn ojú, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́. Áńtíbọ́dì ni wọ́n ń pè é. Ẹ fara balẹ̀, kò le tó bí wọ́n ṣe ń pè é.

Inú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa ni àwọn jàgídíjàgan kan wà tí Ọlọ́run fi síbẹ̀ láti máa lu kòkòrò àìsàn. Ìjà ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ṣọ́ lára awọ rẹ̀, CD59 ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ Ìgè, tó máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹ rọra, ọmọ ilé ni." Ẹni tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò bá ní ẹ̀ṣọ́ yìí wọ gàù. Àwọn tirẹ̀ ni yóò máa fọ́ tirẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú láàárọ̀, okun á sì tán nínú rẹ̀. Iṣẹ́ áńtíbọ́dì inú ìgò yẹn ni láti wá ẹ̀ṣọ́ náà kàn. Bó bá rí i, á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì tàn yòò nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ka sẹ́ẹ̀lì. Bí kò bá rí i, kò sí ohun tí yóò tàn.

Bàríkísù ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, aránṣọ kan láti Gurugu, ọmọ Yorùbá bíi Ìgè, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Ọdún mẹ́fà ló ti ń sùn títí oòrùn á fi kan àtàrí. Bó bá gbá ìdajì àgbàlá, á jókòó. Ọmọ́ládé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti sọ ọ́ ní Jókòó-Jẹ́ẹ́, gbogbo agbo ilé sì bá a pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà ti wọ obìnrin yìí lára tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi ń gbà á gbọ́. Lẹ́yìn tí Ìgè fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, ó di ọwọ́ ọmọkùnrin náà mú.

"Àbúrò mi, bó bá jẹ́ àìsàn ni, sọ fún mi. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀lẹ ni mí lóòótọ́, sọ fún mi náà, kí n lọ tọrọ àforíjì nílé ọkọ mi."

"Kí wọ́n tó kírun Àsárì, àǹtí mi, ẹ ó gbọ́," ni Ìgè wí.

Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ti ẹni tó le koko wò pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé irọ́ kọ́ ni áńtíbọ́dì ń pa. Ìgè fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, torí lójú tirẹ̀ kò sí ẹ̀jẹ̀ tó dára jù ú lọ ní gbogbo ìhà àríwá Gánà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ẹ mọ̀ pé àbíkẹ́yìn ni Ìgè nínú ọmọ méje. Nílé wọn, àbíkẹ́yìn ló ń pín ẹran. Á fún àgbà, á fún ẹni tó tẹ̀ lé e, á wá mú tirẹ̀ gbẹ̀yìn, ìbáà ṣẹ́ku egungun. Ìyá rẹ̀ fi orógùn kọ́ ọ ní ìwà yìí, kò sì gbàgbé rẹ̀ títí dòní. Nítorí náà, ó to ẹ̀jẹ̀ bí ọjọ́ orí ṣe tò ó. Ó fi áńtíbọ́dì sí ti Bàríkísù, àgbà ni. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó lè dá a lójú, ó sì ń fi èènì díẹ̀ díẹ̀ sí i. Ìgbà tó wá kan tirẹ̀, ìgò ti gbẹ. Ìgò dúdú ni, kò rí inú rẹ̀. Orin ń lọ lẹ́nu, afẹ́fẹ́ lásán ló fà, afẹ́fẹ́ náà ló sì bù fún ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ kà á. Ẹ̀jẹ̀ Bàríkísù pín sí méjì, apá kan tàn, apá kejì ṣókùnkùn. Ẹ̀jẹ̀ Ìgè? Kò sí ẹyọ kan tó tàn. Odidi rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri.

Orin dá. Ìgè fọwọ́ kan àyà, ó yọ ahọ́n síta níwájú dígí, ó sáré lọ tọ̀ sínú ife funfun, ó gbé e sójú fèrèsé, ó wò ó títí. Ó dúdú díẹ̀, àbí òun ló ń rò ó? Ló bá pe ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ẹ foríjì mí o."

"Ta ló lóyún?"

"Kò sẹ́ni tó lóyún, Ìyá. Ẹ̀ṣọ́ ló tán lára mi."

"Ẹ̀ṣọ́ wo? Lọ jẹun kí o tó tún pè mí." Ìyá pa fóònù.

Mariama, ọ̀gá wọn, bá a níbi tó ti ń kọ orúkọ ẹni tí yóò jogún alùpùpù rẹ̀. Dàgọ́ḿbà ni, ṣùgbọ́n Changli ló dàgbà sí, Yorùbá dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo Ìgè.

"Ṣé ìwọ tó sáré gun àtẹ̀gùn láàárọ̀ ni kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan lára? Báwo lo ṣe to ẹ̀jẹ̀ yìí?"

"Bí wọ́n ṣe dàgbà jura wọn lọ ni, Màdáámú."

Mariama jókòó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti èjìká rẹ̀, ó dé ikùn, omijé ń bọ́. Ó gbọn ìgò létí, kò dún. Ẹ̀rín wá tán lójú rẹ̀, torí bí kò bá sí ti ẹni tó le koko, kò lè fọwọ́ sí ti Bàríkísù, ìgò mìíràn á sì tó oṣù mẹ́ta kó tó dé. Ìgè rántí ọwọ́ Bàríkísù tó di tirẹ̀ mú láàárọ̀, ojú tì í gan-an.

"Dúró ná," ni Mariama wí. Ó gbé ìgò náà sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ẹ̀jẹ̀ bírí. Ohun tó há sábẹ́ ìdérí àti ara ìgò rọ́ wálẹ̀, ó dúró nísàlẹ̀, ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ó na ohun tí wọ́n fi ń fa omi sí Ìgè. "Lónìí, ìwọ ni àgbà. Mú tìrẹ."

Ìgè ṣe bísímílà, ó bù ú, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹ̀kán náà. Wọ́n gbé e sínú àpótí tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀, wọ́n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó gùn ju ààwẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ kà á. Ó tàn! Gbogbo rẹ̀ ló tàn yòò. Ìgè fò sókè, ó gbá fìríìjì mọ́ra, ó jó dé ẹnu ọ̀nà, ó jó padà, Mariama pàápàá gbé ẹsẹ̀ méjì kó tó rántí pé ọ̀gá ni òun. Ó buwọ́ lu ìwé Bàríkísù.

Lábẹ́ igi níta ni Bàríkísù àti Ọmọ́ládé tó sìn ín wá ti ń dúró. Ìgè ka ìwé èsì náà fún wọn. Ìdajì sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní ẹ̀ṣọ́. Àìsàn gidi ni, kì í sì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n dókítà ti wá mọ ohun tó ń bá jà.

"Tún un kà," ni Bàríkísù wí. Ó tún un kà. "Ọdún mẹ́fà?"

"Ó ṣeé ṣe kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àǹtí mi."

Bàríkísù bú sẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ó tún ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n fún ní ọmọ. "Ọkọ mi, ẹ gbọ́? Mi ò ya ọ̀lẹ!"

Ọmọ́ládé gba báàgì lọ́wọ́ ìyàwó wọn, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀.

"Mo fẹ́ jókòó díẹ̀," ni Bàríkísù wí, ó sì jókòó. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó dìde.