Àyà Yín Mọ́, Bàbá

Mi ò kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbì kankan. Dókítà tó ni ilé ìwòsàn kékeré kan ní Agbowó ló gbà mí síṣẹ́ láàárín àwọn ọdún 1990, tó kọ́ mi ní abẹ́rẹ́ gígún, tó sì rán aṣọ funfun fún mi. Tó bá di ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú, á lọ sinmi nílé rẹ̀ ní Bódìjà, yóò wá ku èmi nìkan. Mo máa ń gbé rọ́bà tí dókítà fi ń gbọ́ àyà aláìsàn kọ́rùn, torí pé àwọn aláìsàn ń bọ̀wọ̀ fún un ju èmi alára lọ.

Àwọn oníkọ́ ló pọ̀ jù lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ohun tí kálukú ń wá kó tó jókòó. Àwọn ọlọ́jà fẹ́ abẹ́rẹ́ tó dunni gan-an, torí lójú tiwọn, èyí tí kò bá dunni kò ṣiṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ kápúsù aláwọ̀ méjì. Àwọn ìyá ọmọ kàn fẹ́ kí n sọ pé ọmọ àwọn ò ní kú. Mo ń fún wọn, mo sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá ti jáde. Ẹnu mi mú nígbà náà, àánú ẹnikẹ́ni kì í ṣe mí.

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Àìkú kan, màmá àgbàlagbà kan mú ọkọ wọn wá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà tí bàbá ti ń wúkọ́, ara wọn gbóná, wọ́n ń mí gúlegúle. Bàbá ní àwọn ò fẹ́ abẹ́rẹ́, àwọn ò sì fẹ́ oògùn. Òtútù àyà ló pa àbúrò àwọn. Kí ẹnì kan ṣáà gbọ́ àyà àwọn, tí kò bá dáa, ọsibítù ńlá ló kàn. Mo ní dókítà ò sí. Bàbá nàka sí ọrùn mi.

Ká ní mo sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n lò ni, ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni. Mo ki rọ́bà bọ etí, mo ní kí wọ́n mí. Nǹkan ń ta nínú ibẹ̀ bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná. Mo rò pé bí àyà gbogbo èèyàn ṣe ń dún nìyẹn.

“Àyà yín mọ́, bàbá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n sì di ọwọ́ ìyàwó wọn mú jáde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, màmá nìkan ló dé, nínú aṣọ dúdú. Wọ́n ní ọmọ àwọn fẹ́ gbé bàbá lọ sí ọsibítù ńlá lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, bàbá kọ̀, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ti gbọ́ àyà àwọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n tún kọ̀. Nígbà tí wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ni wọ́n tó gbé wọn dé ibẹ̀, òtútù àyà sì ti gba ibi gbogbo. Bàbá ò lo ọjọ́ méjì níbẹ̀ tí wọ́n fi kú.

Màmá ò bínú sí mi rárá, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní àwọn ò rí oorun sùn mọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn wá béèrè.

“Ṣé èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ wọn falẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì?”

Mo ro ti iṣẹ́ mi, mo ro ti ọmọ wọn tó lè wá bá mi.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ pẹ́ kí ẹ tó gbé wọn wá.”

Wọ́n mi orí lọ́ra-lọ́ra, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé èmi nìkan ló sọ òótọ́ fún àwọn.