Amọ̀kòkò tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìtàn Ọjà

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ta aṣọ ní Grand Marché, ọjà ńlá Niamey ní ilẹ̀ Niger, títí orúnkún wọn fi kọ̀, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún mi. Èmi kò wá ìtàn lọ. Mo kàn lọ kí wọn ní àdúgbò Talladjé ni. Bí mo ṣe jókòó sórí ẹní, Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n, ní, "Mo gbọ́ pé o ń kọ ìtàn ìlú sínú fóònù. Ta ni o fi ṣáájú?"

Mo ní n kò tíì mọ̀.

"Jókòó dáadáa, nígbà náà."

Ìtàn náà kò gùn. Nígbà tí àwọn bàbá wa kọ́kọ́ gbé ẹrù aṣọ dé Niamey, kò sí Yorùbá kankan níbẹ̀ tí wọn ì bá dé sí lọ́dọ̀. Àṣà ọjà sì ni pé àlejò kò gbọdọ̀ tẹ́ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ àfi bí ẹni tó gbà á sílé bá kọ́kọ́ mú un lọ́wọ́ yí ọjà ká, tó ń wí fún àwọn ọlọ́jà pé, "Àlejò mi nìyí. Bó bá ṣẹ̀ yín, èmi ni kí ẹ mú." Obìnrin Zarma kan, ọmọ onílùú, opó tó ń mọ ìkòkò, ló gbà wọ́n. Ó fún wọn ní yàrá, ó mú wọn yí ọjà ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ara rẹ̀ ṣe onídùúró wọn. Inú yàrá yẹn ni wọ́n bí Màmá sí. Amọ̀kòkò yẹn ló gé ìwọ́ wọn.

"Kọ ọ́ kí n tó kú," ni Màmá wí. "Mi ò fẹ́ bá a pàdé lọ́run kó bi mí pé kí ni mo wí nípa òun."

Mo kọ ọ́. Òun ni mo fi ṣí búlọ́ọ̀gì mi. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, mo fi Faransé sísàlẹ̀ fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, tí Yorùbá ẹnu wọn ti dà bí ọbẹ̀ tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Mo rò pé inú àwọn èèyàn wa yóò dùn. Ṣìọ̀! Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ìdílé fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Bàbá gbogbo wọn ló kọ́kọ́ dé. N kò rí ẹyọ ẹnì kan tí bàbá tirẹ̀ ṣe ìkejì. Ọ̀kan fi fọ́tò ránṣẹ́, ó ní bàbá òun rèé, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi sọdá Odò Ọya nígbà tí kò tíì sí afárá kankan. Mo wo fọ́tò náà. Bàbá dúró nínú agbádá, afárá Kennedy tí wọ́n ṣe sórí odò yẹn gan-an sì nà gbalaja lẹ́yìn wọn. Nígbà tí mo fi hàn án, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáà gé ẹ̀yìn yẹn kúrò."

Ó rí mi lára. Irọ́ náà kọ́ ló rí mi lára o. Ìtàn ni mo ti ń sọ láti kékeré, mo mọ bí a ṣe ń fi iyọ̀ sí i. Ohun tó rí mi lára ni pé ojú kò tilẹ̀ tì í.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná, ẹ ò tíì gbọ́ tèmi. Bàbá kan wà tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwa oníṣòwò. Ó ránṣẹ́ pè mí. Mo dé yàrá àlejò rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, èmi tí irun mi ti ń funfun.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní amọ̀kòkò ló gbà wá sílé?"

"Màmá wa ni, sà."

"Màmá yín ti darúgbó. Ilé bàbá mi ni gbogbo Yorùbá dé sí. Rò ó wò ná: kí àwọn ọmọ wa máa kà á pé obìnrin tí amọ̀ wà léèékánná rẹ̀ ló fa àwọn baba wọn wọ ọjà bí àgùntàn?"

Mo tún dọ̀bálẹ̀, mo jáde. Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé kì í bá àgbà jiyàn nínú yàrá àgbà. Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé, ó dìde, ó ní òǹkọ̀wé wọn ti wá dọ̀bálẹ̀ fún òun, ó ti gbà pé òun jàre. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wà níbẹ̀. N kò dìde. Mo délé, mo yọ amọ̀kòkò kúrò, mo fi bàbá tó bí olórí ẹgbẹ́ síbẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀. Olórí kò fún mi ní nǹkan kan, kò sì halẹ̀ mọ́ mi. Mo kàn ń tijú àgbà lásán ni. "Ẹ ṣeun tí ẹ tún un ṣe," ni àwọn òǹkàwé ń kọ sísàlẹ̀. Mo ń kà á, itọ́ ń korò lẹ́nu mi. Gbogbo ohun tí mo kọ títí ọdún náà fi fẹ́ẹ̀ parí, adùn kan kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ìlú yìí, mo ti rí òtítọ́ tó jókòó sábẹ́ igi, tó ń gba atẹ́gùn.

Lọ́jọ́ kan Màmá ní kí n ka ìtàn náà fún àwọn. Wọn kò mọ̀wé. Mo ṣí fóònù, fọ́tò bàbá tó bí olórí ẹgbẹ́ ń wò mí nínú fìlà rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọn, mo sì ń fi orí ka ohun tí mo ti parẹ́. Màmá ń mi orí. Wọ́n dá mi dúró lẹ́ẹ̀kan: "Kì í ṣe yàrá nìkan. Yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀." Wọ́n ṣàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín. Mo fi fóònù sápò.

"Amọ̀kòkò náà ní ọmọ-ọmọ obìnrin kan tó ń gbé ní àdúgbò Kirkissoye," ni wọ́n wí. "Mo ti ránṣẹ́ sí i. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, wàá kà á fún òun náà."

Ó dé lọ́jọ́ Jímọ̀ lóòótọ́, obìnrin tí kò ju ogójì ọdún lọ. Ó kí Màmá ní Zarma, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́ ní Faransé, kí Màmá má baà gbọ́: "Mo ti kà á nínú takisí. Níbo ni ìyá àgbà mi wà?"

"Kí ló wí?" ni Màmá bi mí.

Mo lè parọ́. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu mi.

"Ó ní òun kò rí ìyá àgbà òun níbẹ̀, Màmá. Mo yọ wọ́n kúrò." Mo sì sọ ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ yọ wọ́n.

Màmá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn-ún gbọ́. "Bàbá ta ni? Bàbá rẹ̀ kan náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló ń sùn sí! Èmi ni mo ń bu omi ìwẹ̀ fún un!" Wọ́n yíjú sí àlejò wọn, wọ́n ń fi Zarma bẹ̀ ẹ́ nítorí mi. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá arúgbó ń bẹ ẹni tó lè jẹ́ ọmọ wọn, nítorí ọmọ tí wọ́n tọ́.

Orí ẹní yẹn ni mo ti dá amọ̀kòkò padà sínú ìtàn, lójú àwọn méjèèjì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn oníṣòwò ti lé mi kúrò lẹ́gbẹ́ wọn. Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tó ń rùn sí mi nímú títí di òní ni pé obìnrin náà dìde, ó kí Màmá, kò kí mi, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹnu kan omi tí mo gbé síwájú rẹ̀.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí, nígbà tí bàbá tìrẹ dé ìlú onílùú, ta ló gbà á sílé, orúkọ ta ni o sì ń dá fún àwọn ọmọ rẹ?