Wọ́n Yẹ Orúnkún Marlys Hautala Wò Láìfọwọ́ Kàn Án

Marlys Hautala kú ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ní aago mẹ́jọ àárọ̀, lórí àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀. Mo wà nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀, mò ń dúró kí n gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, orúnkún náà yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó ṣubú sẹ́yìn, orí rẹ̀ sì gbá kọnkéré. Kí n tó débẹ̀, ó ti tán. Ẹ̀yin ará ilé ìwòsàn wa, ẹ má wá sọ fún mi pé àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Àìsàn gan-an lẹ ò wò.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú ìfarapa àwọn ọmọ tó ń gbá họ́kì orí yìnyín nílé ẹ̀kọ́ wa. Nígbà tí Kaisa ọmọ mi ṣubú, Marlys jókòó tì í, ó fi ọwọ́ kan di itan rẹ̀ mú, ó fi èkejì fa ojúgun rẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó ṣe ti ẹsẹ̀ kejì náà, kó lè fi wéra. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Iṣan tó de egungun inú orúnkún ẹ ti já. Má sunkún mọ́, wọ́n á tún un ṣe."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán iṣan sọ ohun kan náà. Kaisa ti ń sáré lónìí.

Nígbà tó wá kan Marlys fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù Kẹwàá, ó ń sáré lọ bá ọmọ kan tó ṣubú, yìnyín yọ̀ ọ́, ó gbọ́ "pọ́!" nínú orúnkún. Kó tó dọ̀sán, ó ti wú. Mo gbé e lọ sílé ìwòsàn wa tuntun, wọ́n ya àwòrán egungun. Egungun kankan ò ṣẹ́: ẹ kú oríire! Ta ló ní egungun ló ṣẹ́? Àwòrán egungun kì í fi iṣan hàn, Kaisa pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Dókítà kẹ́yìn sí wa, kọ̀ǹpútà ló dojú kọ.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan orúnkún mi."

"Àwòrán yín dáa, mà. Ẹ máa fi yìnyín lé e."

"Yìnyín ló ṣe mí báyìí, ẹ tún ní kí n fi yìnyín lé e! Ẹ súnmọ́bí jàre, ẹ jẹ́ n kọ́ yín."

"Èrò pọ̀ níta, mà."

Kò ká ṣòkòtò Marlys sókè rárá.

Ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń sanwó ìwòsàn rẹ̀ kọ̀ láti fọwọ́ sí àwòrán iṣan. Ìdí? Wọ́n ní dókítà ti fọwọ́ yẹ orúnkún náà wò, ó sì dúró ṣinṣin. Marlys gba ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò tí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́ sí wọn, ó kà á fún mi nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Walt, ṣebí ìwọ náà wà níbẹ̀? Àbí mo sùn lọ nígbà tó ń fọwọ́ kàn mí ni?"

Oṣù márùn-ún ló fi ń tiro. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀wé bẹ̀ wọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi ìwé yẹn kan náà dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ béèrè ẹni tó kọ ìwé yẹn. Agbẹnusọ ilé ìwòsàn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

"Kọ̀ǹpútà ló máa ń kọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé a ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò, sà. Dókítà kàn máa ń pa èyí tí kì í ṣòótọ́ rẹ́ ni."

Ẹ ò rí ọ̀làjú! Láyé àtijọ́, òpùrọ́ ṣì máa ń ṣe wàhálà láti pa irọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú ń bí mi, mi ò ní bò ó. Ọ̀rẹ́ mi ni Marlys.

Ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ń ṣèpàdé lọ́jọ́bọ̀, a ó sì wà níbẹ̀, àwa àti gbogbo ọmọ tí Marlys tọ́jú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ kan orúnkún rẹ̀. Ó dáa. Ẹ mú ẹni tó ni ọwọ́ náà wá, kó nà án sókè ká rí i.